Fáìsì Àtijọ́ Kì í Ṣe Pàǹtí

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní Ọjọ́ Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa, Dutse Alhaji, Àbújá

 

Nígbà tí akọ̀wé wa ní kí n wá sọ̀rọ̀, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín yóò ti máa retí ọ̀rọ̀ nípa owó ìfẹ̀yìntì tàbí nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, nítorí pé ohun tí àwa òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì sábà máa ń sọ nìyẹn. Òkúta ni àwọn Hausa ń pè ní dutse, a sì ti ń gbé lórí òkúta yìí tipẹ́. Ẹ jẹ́ kí a fi òní sọ̀rọ̀ nípa irin.

Àwọn aládùúgbò mi mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì ni mo ti ń ra fáìsì àtijọ́. Mo máa ń tú u, mo máa ń fọ̀ ọ́, mo sì máa ń tò ó padà. Mọ́kànlá ni ó wà lẹ́yìnkùlé mi báyìí. Ìyàwó mi máa ń kìlọ̀ fún àlejò pé kí ó máa wo ilẹ̀ dáadáa kí ó má baà fẹsẹ̀ kọ irin. Àwọn kan ń bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ ṣe. Ìdáhùn mi ni mo mú wá síbí lónìí.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ gbé relé: fáìsì àtijọ́ tí a ń tà ní ìwọ̀n kílò fún àwọn oníàjákù irin kì í ṣe pàǹtí. Irinṣẹ́ ni. Púpọ̀ nínú wọn kò nílò ju iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ àti owó kékeré kí wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí a bá jẹ́ kí wọ́n tán, àwọn ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ ni yóò jìyà rẹ̀.

1. Ọwọ́ kẹta oníṣẹ́

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, fáìsì ni irin oníẹ̀rẹ̀kẹ́ méjì tí a ń dè mọ́ tábìlì iṣẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan dúró sójú kan, èkejì ń lọ, ó ń bọ̀. Síkúrù gbọọrọ kan ni ó ń fà á, ọ̀pá kékeré tí ó gba orí síkúrù náà kọjá ni a sì fi ń yí i. Ohun tí a bá fi sáàrin ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì kò ní lè mira mọ́. Àwọn baba wa ní ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ẹni tí ó fẹ́ fi ayùn gé páìpù nílò ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì fún ayùn. Ta ni yóò wá di páìpù mú? Fáìsì ni ọwọ́ kẹta.

Agbára rẹ̀ kì í ṣe idán, ìṣirò ni. Ká sọ pé ọwọ́ wa jìnnà sí àárín síkúrù ní íńṣì 10, tí síkúrù sì ní ojú mẹ́rin nínú íńṣì kan. Bí a bá yí i po lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ wa ti rin nǹkan bí íńṣì 63, ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì ti sún ìdá kan nínú mẹ́rin íńṣì péré. Lórí ìwé, agbára ọwọ́ wa ti di ìlọ́po 250. Bí irin ṣe ń ha irin nínú síkúrù máa ń jẹ púpọ̀ nínú agbára yìí, ṣùgbọ́n èyí tí ó ṣẹ́ kù tó láti di irin mú típẹ́típẹ́. Ìdí nìyí tí gírísì fi ṣe pàtàkì. Fáìsì tí ó gbẹ máa ń jẹ agbára ẹni tí ń yí i. Ẹni náà á wá lọ wá páìpù gígùn ki ọ̀pá rẹ̀ bọ̀, ibẹ̀ ni nǹkan ti ń fọ́.

Oríṣi mẹ́ta ni ẹ ó sábà máa rí. Èkíní ni fáìsì ẹlẹ́sẹ̀, ti àwọn alágbẹ̀dẹ. Irin rírọ ni wọ́n fi ṣe é, ó sì ní ẹsẹ̀ gígùn kan tí ó kanlẹ̀, kí agbára òòlù lè gba ẹsẹ̀ yẹn wọ inú ilẹ̀ dípò kí ó máa ba síkúrù jẹ́. Peter Wright ti ìlú Dudley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn tí wọ́n gbajúmọ̀ nínú ṣíṣe irú rẹ̀. Èkejì ni ti mẹkáníìkì àti fítà, èyí tí a fi irin dídà ṣe, tí ó sì wúwo. Ẹ ó rí orúkọ Record lára púpọ̀ nínú wọn. Sheffield ni wọ́n ti ṣe ìyẹn. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní Wilton, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Chicago ní 1941. Ẹ̀kẹta ni ti gbẹ́nàgbẹ́nà, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fẹ̀ tí a sì máa ń fi pákó bò kí ó má baà họ igi. Parkinson ti Shipley, nítòsí Bradford, ṣe irú èyí tí a lè fà jáde lẹ́ẹ̀kan náà láìyí síkúrù títí. Record No. 52, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ jẹ́ íńṣì 7, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

2. Bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Iṣẹ́ irin kì í ṣe ohun àjèjì sí Yorùbá. Kí òyìnbó tó dé ni a ti ní owú, ọmọ owú, ẹwìrì àti ẹ̀mú. Ẹ̀mú ni ó ń di irin gbígbóná mú. Fáìsì onísíkúrù bá iṣẹ́ òyìnbó dé ni. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ojú irin láti Èkó. Ní 1901 ni wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn. Ebute Metta ni ilé àtúnṣe rélùwéè wà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ bàbá àti bàbá àgbà wa ti di fítà àti táńà. Lẹ́yìn náà ni Yaba College of Technology dé ní 1947, àwọn ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ìjọba sì wà káàkiri. Ìdánwò City and Guilds ti London ni ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe, kí ìjọba tó dá NABTEB sílẹ̀ ní 1992.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbà fítà èyíkéyìí ohun tí ó kọ́kọ́ kọ́. Yóò sọ fún yín pé wọ́n fún òun ní ègé irin kan, wọ́n ní kí òun fi fáìlì ha á títí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò fi tẹ́jú, tí igun rẹ̀ yóò sì gún rẹ́gí. (Fáìlì onírin ni mò ń wí o, kì í ṣe èyí tí èmi fi ọdún 35 gbé kiri ọ́fíìsì.) Ẹ̀kọ́ yẹn ni ó ń kọ́ ọwọ́ àti ojú ní sùúrù. Láìsí fáìsì, kò ṣeé kọ́. Irin á máa mì, fáìlì á sì máa ha ibi tí kò yẹ.

Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, ìjọba kó ẹ̀rọ àti irinṣẹ́ púpọ̀ wọlé láti òkè òkun fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama, kí àwọn ọmọ lè mọ iṣẹ́ ọwọ́ láti kékeré. Gbogbo wa ni a mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí. Ọ̀pọ̀ àpótí ni a kò ṣí rárá, nítorí pé kò sí iná, kò sí ilé tí a ó gbé e sí, kò sì sí olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n lò. Ṣùgbọ́n fáìsì kò béèrè iná mànàmáná. Tábìlì tí ó lágbára àti bóòtù mẹ́rin ni ó ń béèrè. Ó dùn mí pé òun náà bá àwọn tí ó ń béèrè iná lọ.

3. Ibi tí wọ́n ń gbà lọ

Lónìí, àgbàlá àwọn oníàjákù irin ni mo ti ń rí wọn, ní Dei-Dei níbí, àti ní Panteka ní Kaduna nígbà tí mo bá gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ̀yin náà ń rí àwọn ọmọkùnrin tí a ń pè ní Baban Bola, tí wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́ wọn gba ojúlé wa kọjá. Ohun tí wọ́n bá rà máa ń dé ọ̀dọ̀ oníṣòwò ńlá, láti ibẹ̀ ó di iléeṣẹ́ tí ń yọ́ irin. Òfin Nàìjíríà kò gbà kí a kó àjákù irin lọ sókè òkun, nítorí náà ilé níbí ni a ti ń yọ́ ọ, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń di ọ̀pá irin ìkọ́lé. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Irin tí kò wúlò mọ́, ó sàn kí ó di ilé ju kí ó wà nínú kòtò omi lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Ọ̀pá irin ìkọ́lé oní-mílímítà 12, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 12, wọn nǹkan bí kílò 10 àti ààbọ̀. Fáìsì ńlá kan tí ó wọn kílò 32 yóò di ọ̀pá mẹ́ta.  Irinṣẹ́ tí ìran méjì ti fi jẹun, tí ìran méjì mìíràn ṣì lè fi jẹun, ni a ń yọ́ di ọ̀pá mẹ́ta péré.

4. Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò

Kì í ṣe gbogbo fáìsì ni ó ṣeé tún ṣe. Ohun mẹ́rin ni mo máa ń wò kí n tó sanwó.

Èkíní, ǹjẹ́ ara rẹ̀ ti sán? Ẹ fi kẹrosíìnì nù ún, ẹ jẹ́ kí ó wọlé dáadáa, ẹ nu ara rẹ̀ gbẹ, kí ẹ wá bu lúúlúú ṣọ́ọ̀kì sí i. Bí ó bá sán, kẹrosíìnì inú ojú sísán náà yóò jáde, yóò sì fa ìlà sára ṣọ́ọ̀kì funfun.

Èkejì, ẹ wo ojú síkúrù. Bí ojú rẹ̀ bá nípọn tí ó sì tẹ́ lórí, ó dára. Bí ó bá ti mú bí ẹnu ọ̀bẹ, ó ti jẹ tán. Ẹ yí ọ̀pá rẹ̀ síwá sẹ́yìn: bí ó bá yí lọ jìnnà kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó mira, nọ́ọ̀tì inú rẹ̀ ni ó ti jẹ. Táńà tí ó mọṣẹ́ lè gé nọ́ọ̀tì tuntun.

Ẹ̀kẹta, ẹ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì dé, kí ẹ gbé e síwájú ìmọ́lẹ̀. Ó yẹ kí òkè ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ara wọn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń gba òkè kọjá, fáìsì náà ti wọ́.

Ẹ̀kẹrin, ẹ wo eyín rẹ̀, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí a fi síkúrù kékeré dè mọ́ ojú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí ìyẹn bá ti jẹ, kò ṣe nǹkan kan. A lè pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ wo àpẹẹrẹ méjì nínú tèmi. Fáìsì ẹlẹ́sẹ̀ kan tí mo rà ní Dei-Dei kò ṣí mọ́. Bí a bá tú síkúrù rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò tẹ̀lé e. Ẹni tí ó tà á sọ pé ó ti kú. Irin pẹlẹbẹ tí ń ta ẹ̀rẹ̀kẹ́ sẹ́yìn ni kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Alágbẹ̀dẹ kan fi ègé sípíríìngì mọ́tò ayé àtijọ́ rọ òmíràn fún mi láàárín wákàtí kan, fáìsì náà sì jí. Ìkejì jẹ́ ti mẹkáníìkì. Ó ti sán rí, wẹ́dà kan sì ti jó o pẹ̀lú ẹ̀kùn irin lásán. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí ó jó gan-an ni ó tún ti sán. Irin dídà kò rí bí irin ilẹ̀kùn o: èédú inú rẹ̀ ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ó le, ṣùgbọ́n kò mọ bí a ṣe ń tẹ̀. Ẹni tí yóò jó o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú gbogbo ara rẹ̀ gbóná, kí ó lo ẹ̀kùn oníníkẹ́ẹ̀lì, kí ó sì jẹ́ kí ó tutù díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn kò ṣeé gbà là mọ́. Mo tú síkúrù àti eyín rẹ̀ pamọ́ fún arákùnrin rẹ̀, mo sì jẹ́ kí ara tí ó kù lọ sí ilé iná. Ohun tí ó yẹ kí a yọ́ náà wà.

5. Bí a ṣe ń tún un ṣe

Ẹ tú u palẹ̀, kí ẹ máa to ohun tí ẹ bá tú sójú kan. Bí síkúrù bá ti há, ẹ bu kẹrosíìnì tí a pò mọ́ ọ́ìlì sí i, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Òòlù kì í ṣe oògùn sùúrù.

Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Nítorí náà ẹ má ṣe ha ọ̀dà gbígbẹ sínú afẹ́fẹ́. Ẹ fi oògùn tí ń ṣí ọ̀dà rẹ̀ ẹ́, kí ẹ ha á nígbà tí ó tutù, kí ẹ bo imú, kí àwọn ọmọ sì jìnnà síbẹ̀.

Fún ìpẹtà, búrọ́ọ̀ṣì onírin tó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Ọ̀nà mìíràn tí mo fẹ́ràn ni ti iná bátìrì. Ẹ bu omi sínú báàfù ọlọ́rá, ẹ pò sódà ìfọṣọ díẹ̀ mọ́ ọn, ẹ ri fáìsì sínú rẹ̀, ẹ sì ri irin lásán kan sí ẹ̀gbẹ́ kejì láìjẹ́ kí wọ́n kan ara wọn. Ẹ̀rọ tí a fi ń ṣáàjì bátìrì mọ́tò ni ẹ ó lò: okùn tí ó ní àmì ìyọkúrò ni ti fáìsì, èyí tí ó ní àmì àròpọ̀ ni ti irin lásán náà. Ẹ má ṣe fi irin tí kì í dípẹtà, irú ti síbí àti ìkòkò, ṣe irin kejì yẹn, nítorí májèlé ni yóò bọ́ sínú omi. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí iná má sí nítòsí, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí ń jáde lè gbiná. Ẹ pa ẹ̀rọ náà kí ẹ tó tọwọ́ bọ omi. Ní ọjọ́ kejì, ìpẹtà yóò ti di ẹrọ̀fọ̀ dúdú tí a lè fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ dànù. Ẹ nù ún gbẹ kíákíá, kí ẹ fi ọ́ìlì pa á kí ó má baà tún dógùn-ún.

Ẹ lè kun ara rẹ̀ ní ọ̀dà, ṣùgbọ́n ẹ má kun síkúrù, ẹ má kun ojú ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ má sì kun ibi tí ó ti ń yọ̀ wọlé. Gírísì ni ti àwọn ibẹ̀ yẹn, àfi ojú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ó gbọ́dọ̀ gbẹ. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ dè é mọ́ tábìlì, kí òkè ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá ìgúnpá ẹni tí yóò lò ó dọ́gba.

6. Ẹ mọ ibi tí ó ti wá

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi etí méjèèjì gbọ́. A mọ bí wọ́n ti ń jí ìdérí kòtò omi ní Àbújá. Fáìsì náà ń rìn bẹ́ẹ̀. Ohun ìní ìjọba kì í di ti ẹnikẹ́ni nítorí pé ó ti dógùn-ún. Nínú ètò ìnáwó ìjọba, ìgbìmọ̀ kan wà tí à ń pè ní Board of Survey, tí í máa ń yẹ ohun tí ó bàjẹ́ wò kí a tó lè tà á tàbí kí a jù ú nù. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé fáìsì tí ó ní àmì ilé ẹ̀kọ́ tàbí ti iléeṣẹ́ ìjọba wá, tí kò sì lè fi ìwé hàn, ẹ má rà á, kódà bí ó bá jẹ́ ọ̀fẹ́ díẹ̀ ló kù. Ẹni tí ó rà á ti di alábàápín olè, ó sì ti gba ọwọ́ kẹta lọ́wọ́ ọmọ ẹlòmíràn.

Bí ẹ bá sì rà á lọ́nà ẹ̀tọ́, ẹ má ṣe ha àmì ara rẹ̀ dànù. Àmì yẹn ni ìtàn rẹ̀. Ní Ebute Metta, Jaekel House, tí wọ́n kọ́ ní 1898, ti di ilé tí a kó ohun àtijọ́ rélùwéè sí nítorí pé ẹgbẹ́ aráàlú kan, Legacy, kò jẹ́ kí ó wó. Àwa náà jẹ́ ẹgbẹ́.

7. Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹgbẹ́ wa

Ẹnìkan lè sọ pé fáìsì tuntun wà lọ́jà, pé ayé kọ̀ǹpútà ni a sì wà. Òótọ́ ni méjèèjì. Ẹni tí ó bá lówó, kí ó ra tuntun tí ó dára. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀gá tí àwọn ọmọ wa ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn ní àdúgbò yìí kò ní owó rẹ̀. Èyí tí agbára wọn ká sì fúyẹ́, kì í pẹ́ fọ́. Ní ti kọ̀ǹpútà, bí ẹ bá dé iléeṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ti ń darí ẹ̀rọ tí ń gé irin, ẹ bojú wo orí tábìlì ẹ̀rọ náà: fáìsì ni ẹ ó sábà bá níbẹ̀, tí ó ń di irin mú.

Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí olúkúlùkù wa wo ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ níbí àti ilé bàbá rẹ̀ nílé, kí ó má ta fáìsì kankan ní kílò kí a tó yẹ̀ ẹ́ wò. Kí àwọn òbí tí ọmọ wọn wà ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ lọ béèrè pé fáìsì mélòó ni ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọmọ mélòó ni ó sì ń pín in lò. Kí ẹgbẹ́ sì ṣí ìwé kan, níbi tí a ó ti kọ gbogbo fáìsì tí a bá tún ṣe sí: ibi tí ó ti wá, ọjọ́ tí ó jáde, àti ọ̀gá iṣẹ́ tí a yá a fún. Ẹ̀yáwó ni o, kì í ṣe ẹ̀bùn. Bí ọ̀gá náà kò bá ní ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mọ́, kí ó dá a padà kí a lè yá ẹlòmíràn.

Kí ọ̀rọ̀ mi má baà jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, mo fi márùn-ún sílẹ̀ nínú mọ́kànlá mi fún ìbẹ̀rẹ̀ ètò yìí. Gbogbo wọn ti ṣe tán fún iṣẹ́. Ọmọkùnrin tàbí ọmọbìnrin tí ó bá fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń tún èkẹfà ṣe, kí ó wá sọ́dọ̀ mi ní òwúrọ̀ Sátidé, kí ó wọ aṣọ tí kò ní dun ìyá rẹ̀ bí ó bá dọ̀tí.

Àwọn àgbà ní bí alágbẹ̀dẹ bá ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ojú kan náà ni mo ti ń lù láti àárọ̀. Ẹ ti mọ ohun tí mo fẹ́ fà yọ.  Olódùmarè yóò bù kún iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo wa, kò sì ní jẹ́ kí ohun tí àwọn baba wa fi jẹun di àwátì lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa. Àmín.